Láti Oko Kòkó Fernando Po dé Abúlé Òkúta: Bí Owó Oṣù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Sọdá Òkun

Iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Abúlé Òkúta ń pè ní iṣẹ́ rìmóòtù ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe láti inú yàrá rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní òkè òkun, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá. Ní àdúgbò yìí, tí kò jìnnà sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, ìró jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí ó ń lọ títí di òru lè jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tí kò tíì parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, nítorí pé bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ bá lù ní New York nígbà ooru wọn, aago méjì ọ̀sán ti lù ní Èkó, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá sì wà ní California, aago kan òru ni yóò tó lù kí ọ̀gá náà tó kúrò ní ọ́fíìsì.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀. Èrò tí ó gbilẹ̀ jù láàrin àwọn ọ̀dọ́ ni pé Andela ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iyinoluwa Aboyeji, ọmọ Nàìjíríà, àti Jeremy Johnson, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Nígbà náà, wọ́n a máa ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọ́n jí pépé, wọ́n a kọ́ wọn ní iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n a fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn fi Èkó sílẹ̀, ọ̀dọ́ náà yóò sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé ọdún mẹ́rin ni òun yóò lò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àjọ tí Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀, Priscilla Chan, dá sílẹ̀ ni ó ṣaájú àwọn tí ó fi mílíọ̀nù 24 dólà sínú iṣẹ́ náà, nígbà tí oṣù kẹjọ sì ń parí lọ, Zuckerberg fúnra rẹ̀ wá sí Yábàá ní Èkó. Ìbẹ̀wò yẹn ní ipa ju owó lọ lójú àwọn òbí kan, nítorí pé ṣáájú rẹ̀, ọmọ tí ó bá ń fi òru tẹ kọ̀ǹpútà, ọmọ Yáhù, èyíinì ni gbájúẹ̀ orí ayélujára, ni àwọn aládùúgbò ń pè é.

Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ ju àwọn ọ̀dọ́ yìí lọ kò gbà pé Andela ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí Andela tó dé ni àwọn ti ń jókòó sí sáíbà kafé, tí àwọn ń gba iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti àwòrán yíyà lórí oDesk àti Elance, ọjà orí ayélujára méjì tí wọ́n para pọ̀ tí orúkọ wọn sì di Upwork ní ọdún 2015. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtìlẹ́yìn, nítorí pé ọdún 2010 ni wáyà abẹ́ òkun ti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dára sí i. Ohun tí ó ṣòro fún wọn ni gbígba owó. Nígbà tí PayPal ṣí ilẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2014, wọ́n gba àwọn ará ibí láyè láti sanwó fún ẹlòmíràn, wọn kò gbà wọ́n láyè láti gba owó. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ní láti wá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan ní London tàbí Houston tí owó náà yóò kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí ó tó dé Abúlé Òkúta, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀gbọ́n ni owó ń dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé òótọ́ ẹni tí ó wà láàrin ni gbogbo iṣẹ́ náà gbára lé.

Ìhà kẹta nínú àríyànjiyàn yìí ni ti àwọn àgbà, tí wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ará òkèèrè ti ń gba àwọn ènìyàn wa síṣẹ́, òun náà ni ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Láàrin ọdún 1890 sí 1898 tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè láti Matadi dé Léopoldville ní ilẹ̀ Kóńgò, ọ̀pọ̀ lébìrà etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ará Èkó wà lára wọn, ni wọ́n gbà sí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1930, ìgbìmọ̀ kan tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè rán lọ sí Làìbéríà jábọ̀ pé ipá ni wọ́n fi ń kó àwọn lébìrà ibẹ̀ lọ sí Fernando Po, erékùṣù tí ó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, tí a ń pè ní Bioko lónìí, láti lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó. Nígbà tí ọ̀nà Làìbéríà dí, àwọn olóko kòkó yíjú sí Nàìjíríà, títí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì fi ṣe àdéhùn ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, tí wọ́n sì gbé ilé-iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kan kalẹ̀ ní Calabar. Ìgbò àti Ìbíbíò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó lọ, Panya sì ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Àdéhùn yìí sọ iye àkókò tí òṣìṣẹ́ yóò lò, ó sì ṣètò pé kí apá kan nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró dè é títí yóò fi padà sí Calabar, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ òfìfo ni yóò bá darí wálé. Ìyà kò tán ní Panya pẹ̀lú gbogbo ètò yìí. Ìyà náà ni ó mú kí ìjọba Nàìjíríà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1976. Síbẹ̀, ọ́fíìsì kan wà tí òṣìṣẹ́ mọ ojú ọ̀nà rẹ̀, tí ó sì lè lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti béèrè owó rẹ̀.

Nítorí náà, Andela kọ́ ni ó dá ìgbanisíṣẹ́ láti òkèèrè sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ọmọ sáíbà kafé. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé láyé Kóńgò àti Panya, òṣìṣẹ́ ni ó ń sọdá òkun lọ bá owó, lónìí owó ni ó ń sọdá òkun wá bá òṣìṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni owó yìí ń gbà wọlé. Èkínní ni ti agbanisíṣẹ́ orí ìwé, èyíinì ni ilé-iṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó gba òṣìṣẹ́ sí abẹ́ orúkọ tirẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé ará òkèèrè ni ó ń pàṣẹ iṣẹ́. Deel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2019, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ irú ètò yìí di òwò káàkiri ayé. Agbanisíṣẹ́ orí ìwé ni yóò yọ owó orí lára owó oṣù, òun náà ni yóò san owó ìfẹ̀yìntì, tí òfin ọdún 2014 fi sí ìdá 8 nínú 100 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Ọ̀nà kejì ni ti kọngílá. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ọ̀nà tàbí ilé kíkọ́ ni à ń pè ní kọngílá, ó ní ọkọ̀, ó ní lébìrà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ tí kò ní ju lápútọ́ọ̀pù kan lọ, tí ó ń jábọ̀ fún ọ̀gá kan ṣoṣo lójoojúmọ́, ni ìwé àdéhùn ń pè bẹ́ẹ̀, kí ó má baà ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, owó àìsàn tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Orúkọ náà kò tọ́ sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní láti kéde owó tí ó ti òkèèrè wá fún ìjọba, nítorí pé òfin náà kan gbogbo owó tí ẹni tí ó fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé bá pa, níbikíbi tí ìbáà ti wá.

Òfin iṣẹ́ ọdún 1974 kò rí irú kọngílá yìí rárá. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó ọmọ Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó sì sọ ti owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá Panya mu. Ọmọ Abúlé Òkúta kò wọ ọkọ̀ kankan. Èyí tí ó tún burú ni pé òfin kan náà yọ ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kúrò nínú ìtumọ̀ òṣìṣẹ́, ó fi í mọ sí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ agbára àti iṣẹ́ akọ̀wé. Nígbà tí Andela dá nǹkan bí 400 ọ̀dọ́ dúró ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ní Nàìjíríà, Uganda àti Kẹ́ńyà, àwọn tí ó wà ní Èkó ṣì ní ilé tí wọ́n lè lọ béèrè ọ̀rọ̀. Kọngílá tí ímeèlì kan ṣoṣo dá dúró kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ àdúgbò rí. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí òkìkí wọn kàn jákèjádò Nàìjíríà, mọ ìṣẹ́ àti àìsanwó, ṣùgbọ́n ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ ń rí ojú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni, ọ̀gá a sì máa yọjú síbi ìkómọ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ti wọ inú ilé pàápàá: láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti dá náírà sílẹ̀ sínú ọjà, tí dólà sì gbówó lórí, ilé tí ẹni tí ó ń gba dólà àti ẹni tí ó ń gba náírà ń gbé pa pọ̀ ti ń di ilé ènìyàn méjì tí oúnjẹ wọn kò dọ́gba mọ́, àwọn onílé sì ti mọ ẹni tí ó ń gba dólà.

Ó yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ tún ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ inú òfin 1974 kọ, kí wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Èkó tí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ wà lókèèrè lè gbé ẹjọ́ owó oṣù rẹ̀ lọ. Irú èyí tí ó wà ní Calabar láyé Panya kò kọjá ohun tí wọ́n lè tún ṣe.