Àgbájọ Dísìkì: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àyè Tó Ṣẹ́kù

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí bá dísìkì kọ̀ǹpútà mu, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní disque dur. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó ìwé, àwòrán, ohùn àti fíìmù pamọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán, àwọn tó ń ya fíìmù ìgbéyàwó àti ìsìnkú, àti àwọn tó ń gba orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀, ni dísìkì kan kò tó mọ́. Bí ọ̀kan bá kún, wọn a ra òmíràn. Nígbà tó bá yá, a kì í mọ èyí tí ohun tí à ń wá wà nínú rẹ̀.

Kí ni àgbájọ dísìkì?

Ètò kan wà tí a lè fi sínú kọ̀ǹpútà kí ó so dísìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. A óò sì máa rí wọn bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá gba 1 térà, tí èkejì gba 2, tí ẹ̀kẹta gba 4, a óò rí 7 térà.

Térà kan jẹ́ 1,000 gígà. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ 931 dípò 1,000, ẹ má ṣe bá ẹni tó tà á fún yín jà. Àwọn tó ń ṣe dísìkì ń fi 1,000 kà, Windows sì ń fi 1,024 kà. Ó dà bí ìgbà tí a fi igbá kékeré wọn àgbàdo, tí a tún fi igbá ńlá wọn ọ́n. Iye igbá yàtọ̀, àgbàdo kan náà ni.

Àyè lè pọ̀ lápapọ̀, kó má gba ẹrù kan

Bí ilé kan bá ní yàrá mẹ́ta, tí àyè ẹní kan ṣẹ́kù nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé náà lè gba àlejò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò lè gba bẹ́ẹ̀dì ńlá kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò tó ń fi odidi fáìlì sínú dísìkì kan ṣe rí. Bí àyè 200 gígà bá kù nínú dísìkì mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò kọ 600 gígà. Síbẹ̀, fíìmù 300 gígà kò ní rí ibi wọ̀.

Nítorí náà, a máa ń pàṣẹ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ kí ó gbé fáìlì tuntun lọ sínú dísìkì tí àyè rẹ̀ pọ̀ jù. Mergerfs, tí wọ́n ń lò lórí Linux, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A tún lè sọ fún un pé kí ó fi dísìkì sílẹ̀ bí àyè rẹ̀ bá kéré ju iye kan lọ. Iye tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni 4 gígà. Ẹni tó ń ya fíìmù gígùn gbọ́dọ̀ fi kún un, nítorí fáìlì máa ń tóbi sí i bí iṣẹ́ ti ń lọ.

Ààbò náà ń gba àyè

Àwọn ètò mìíràn ń pín fáìlì káàkiri gbogbo dísìkì. Fíìmù ńlá yóò wọlé, ṣùgbọ́n bí dísìkì kan bá kú, gbogbo fáìlì tó ní apá nínú rẹ̀ bàjẹ́. Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀nà àtiyẹ irú àdánù yìí. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀nà náà ni RAID.

Nínú oríṣi kan, a ń kọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì: dísìkì 2 térà méjì yóò fún wa ní 2 térà péré. Nínú oríṣi mìíràn, dísìkì 2 térà mẹ́ta yóò fún wa ní 4. Bí ọ̀kan bá kú, a lè fi méjì tó kù tún ohun inú rẹ̀ ṣe. Bí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba, a lè pàdánù àyè. Bí a bá fi dísìkì 1 térà ṣe ìkejì 4 térà, 1 térà ni a óò rí lò.

Ohun mẹ́ta tó yẹ kí a ṣe

Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbájọ náà kún ju 80 nínú 100 lọ. Bí ó bá kún jù, kọ̀ǹpútà a máa gé fáìlì sí wẹ́wẹ́ kó lè rí ibi fi wọ́n sí, iṣẹ́ a sì falẹ̀. Bí dísìkì kan bá sì ń ṣàìsàn, kò ní sí ibi tí a óò kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Èkejì, ẹ máa wo àyè dísìkì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ẹ má ṣe wo àròpọ̀ nìkan. Ẹ tún da agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà nù, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ń gba àyè.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ẹ̀dà sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì gbé e sí ilé mìíràn. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ nínú àgbájọ, ó parẹ́ níbi gbogbo. Olè tàbí mànàmáná sì lè mú gbogbo dísìkì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyè ẹ̀dà kò bá tó, ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí a kò lè rí mọ́ sínú rẹ̀. A lè tún ọjà yà ní ọ̀la, ṣùgbọ́n a kò lè tún gba ohùn àgbà tó ti lọ sílẹ̀.