Orúkọ orin ni olùgbọ́ fi ń mọ ohun tó ń bọ̀

Ní ẹkùn Ifangni, níbi tí Igolo ti dojú kọ Ìdí Ìrókò, orin kì í dúró dè ààlà. Fídíò fújì láti Nàìjíríà àti zinli láti Abomey jọ ń dún lórí fóònù kan náà. Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀?

Kí ohùn tó jáde ni fídíò ti sọ fún wa. Bí a bá rí agbádá, gángan, àti àwọn tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú, fújì là ń retí. Olórin nìkan kọ́ ló fi èyí lélẹ̀. Àwa olùgbọ́ náà fọwọ́ sí i.

Àmọ́ orin máa ń yí padà. Wéré tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan ni Síkírù Àyìndé Barrister sọ di fújì. Nígbà tó yá, Wásíù Àyìndé fi dùrù òyìnbó kún un. Fújì náà la ṣì ń pè é, nítorí pé olùgbọ́ gbà á bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó orin sí mẹ́mórì fún oníbàárà, ẹ má pe ohun tí kì í ṣe fújì ní fújì. Ẹni tó retí ìlù tí kò gbọ́ ọ, ọjà ẹlòmíì ni yóò lọ.