Ojú tó wà lára fóònù: ìlò rẹ̀ lóko àti nílé

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó gbọ́ nípa nǹkan kò lè mọ̀ ọ́n tó ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lónìí, ní ilẹ̀ Kétu, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní fóònù tí kámẹ́rà wà lára rẹ̀. Wọ́n ń fi ya fọ́tò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ọdún. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà náà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí kòkòrò bá wọ oko, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà nígbà tí ìwé bá sọnù.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1997, Philippe Kahn, ọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ Faransé, wà ní ilé ìwòsàn kan ní California, ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ó so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà àti fóònù rẹ̀. Bí wọ́n ti bí ọmọbìnrin náà, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, fóònù kan tí ilé iṣẹ́ Sharp ṣe jáde ní ilẹ̀ Japan. Kámẹ́rà ti wà nínú fóònù yìí fúnra rẹ̀.

Fọ́tò inú fóònù jẹ́ àkójọ tóótó kéékèèké, bí ìgbà tí a to ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sórí ẹní. Fọ́tò fóònù Sharp yẹn ní nǹkan bí 110.000 tóótó. Ti òde òní ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Èyí ni ó jẹ́ kí àwòrán hàn kedere. Síbẹ̀, bí dígí kámẹ́rà bá dọ̀tí, àwòrán kò ní mọ́. Eruku pupa ilẹ̀ Kétu tètè ń bo dígí náà. Ó yẹ kí a fi aṣọ rírọ̀ nù ún kí a tó ya fọ́tò.

Nínú oko àgbàdo

Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí ó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fara hàn nínú oko àgbàdo ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè Benin wà lára ibi tí a ti rí i. Kòkòrò náà ń jẹ ewé, ó sì ń wọ àárín àgbàdo lọ.

Bí àgbẹ̀ bá kàn sọ fún òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn pé kòkòrò ń jẹ oko òun, òṣìṣẹ́ náà kò lè mọ èyí tí ó jẹ́. Kòkòrò tí ń jẹ àgbàdo pọ̀. Bí wọ́n bá ra oògùn tí kò bá a mu, owó ṣòfò, àgbàdo sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí ó mọ́ lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kòkòrò yìí ní àmì kan níwájú orí tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Nítòsí ìdí rẹ̀, tóótó dúdú mẹ́rin wà bí igun mẹ́rin àpótí.

Fọ́tò mẹ́ta ni ó yẹ kí àgbẹ̀ yà: ti odidi àgbàdo, ti ewé tí a jẹ, àti ti kòkòrò fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣe sún mọ́ kòkòrò náà jù, kí àwòrán má bàa ṣú. Kí ó fi ìka kan ojú fóònù níbi tí kòkòrò wà, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ó tó yà á.

Ìwé tí kò yẹ kí ó sọnù

Ilé lè jóná. Ikán lè jẹ ìwé. Òjò lè bà á jẹ́. Nítorí náà, ó dára kí a ya fọ́tò ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀ àti káàdì ilé ìwòsàn. Kí igun ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí òjìji ọwọ́ má bò ó, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ ṣeé kà.

Fọ́tò ìwé kì í ṣe ìwé gan-an, kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìbí ọmọ bá sọnù nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí ó wà nínú fọ́tò yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tètè rí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀.

Bákan náà ni fún ẹni tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ìwé náà. Kí ó gbé e lọ sílé, kí ó fi ìka méjì fẹ ojú àwòrán náà kí lẹ́tà lè tóbi, kí ó sì kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ibì kan bá ta kókó, kí ó fi han ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀lé. Ilẹ̀ tí a fi ìkánjú tẹ̀ka sí, ó ṣòro láti gbà padà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Bí fóònù bá sọnù, fọ́tò inú rẹ̀ lè bá a lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ẹbí ní ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò mọ̀. Oníjìbìtì lè fi í hùwà ibi.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni a ń yà. Òfin orílẹ̀-èdè Benin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, èyí tí a ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo ohun tí ó jẹ mọ́ ìgbésí ayé oníkálukú. Àṣà náà ní òfin tirẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ń jó ní gbangba. Orò kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ àgbà kí ó tó gbé fóònù sókè.

Ẹni tí ó mọ̀wé kà tí ó sì ní kámẹ́rà lọ́wọ́ ti ní ẹ̀rí méjì. Kí ó kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí ó ti ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré. Lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, yóò rí ohun tí yóò fi hàn.