Ẹ̀dínwó Kò Tíì Di Èrè

Ẹ̀yin ará wa ní Djaloukou, ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni a mú wá lónìí. Ẹ mú bíírò àti ìwé, nítorí ìṣirò kékeré wà níbẹ̀.

Ká ní ẹ fẹ́ ra àdá. 3500 fránkì ni wọ́n ń tà á nílé. Ẹnì kan wá sọ fún yín pé 2500 ni ní Savalou. Ẹ̀dínwó 1000 fránkì nìyẹn. Inú yín dùn, ẹ ti fẹ́ gbéra.

Ẹ dúró ná. Ẹ kọ 1000 sílẹ̀. Bí zémidjan bá gba 1000 ní àlọ, tó gba 1000 ní àbọ̀, tí ẹ sì fi 300 jẹun lọ́jà, ìnáwó yín di 2300. Ẹ yọ 1000 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 1300. Àdá tí ẹ pè ní olówó pọ́ọ́kú ti fi 1300 wọ́n ju ti ilé lọ. A kò tíì ka iṣẹ́ oko ọjọ́ náà. Lásìkò tí koríko ń bá iṣu jà, bí ẹ bá gba alágbàṣe kó roko dè yín, ẹ kọ owó rẹ̀ mọ́ ìnáwó náà.

A kò ní kí ẹ má lọ sí Savalou. Bí ẹ bá ti fẹ́ lọ ta gàrí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1000 yẹn di èrè gbáko. Bí ẹni mẹ́fà bá sì rán ẹnì kan lọ ra àdá mẹ́fà, ẹ̀dínwó jẹ́ 6000. Ẹ yọ 2300, ó ku 3700 tí ẹ ó pín.

Ohun mìíràn tún ń tan ojú wa jẹ, kì í sì ṣe àwa ará oko nìkan. Lọ́dún 1981, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n á wa ọkọ̀ fún 20 ìṣẹ́jú nítorí ẹ̀dínwó dọ́là 5 lórí ẹ̀rọ ìṣirò kan. Nígbà tí wọ́n pe ẹ̀rọ náà ní dọ́là 15, 68 nínú 100 ní àwọn á lọ. Nígbà tí wọ́n pè é ní dọ́là 125, 29 péré ló gbà. Bẹ́ẹ̀ dọ́là 5 kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni.

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti ṣe é rí. Nítorí 500 fránkì lórí garawa, mo rìn káàkiri ọjà títí oòrùn fi wọ̀. Ọjọ́ tí mo ra kẹ̀kẹ́, n kò tilẹ̀ nájà.