Ẹ̀yìn Dídùn: Ṣé Àdàlù Oògùn Ló Dára Jù?

Bí a bá gbé ẹrù tí ẹ̀yìn mú wa lójijì, àdàlù oògùn ni ọ̀pọ̀ wa ń rà lọ́wọ́ alákiri.

Ní 2015, àwọn dókítà ní Bronx, New York, gbé ìwádìí wọn jáde. Aláìsàn 323 ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Gbogbo wọn lo naproxen. Wọ́n fi cyclobenzaprine kún ti apá kan, oxycodone pẹ̀lú paracetamol kún ti apá kejì. Apá kẹta gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bákan náà ni ara wọn yá. Òòyì àti oorun ló pọ̀ lára àwọn aládàlù.

Ẹ má fowó ọjà ra òòyì o. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kó bi dókítà kó tó lo naproxen. Bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tàbí ìtọ̀ kò jáde, ilé ìwòsàn ni, kíákíá.