Gbèsè Tó Wà Lórí Ilé

Ìwé ìlàlóye fún onílé àti ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Ìpakodò àti agbègbè Ìkòròdú

Ẹni tó ta ilé lè kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbèsè owó ìlò ilẹ̀ kì í bá a kó lọ. Orí ilé ló ń wà. Ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó sanwó ilé.

Kí ni owó ìlò ilẹ̀?
Owó ọdọọdún tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Land Use Charge ni. Òfin ọdún 2001 ló dá a sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n tún un ṣe ní 2018 àti 2020. Onílé ló ń san án.

Bí mi ò bá san án ńkọ́?
Ọjọ́ tí ìwé owó dé ọwọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà:
- Bó bá kọjá ọjọ́ 45, wọ́n á fi ìdá 25 nínú 100 kún owó náà.
- Bó bá kọjá ọjọ́ 75, ìdá 50 ni.
- Bó bá kọjá ọjọ́ 105, ó di ìlọ́po méjì.
- Bó bá kọjá ọjọ́ 135, ìjọba lè gba àkóso ilé náà títí gbèsè yóò fi tán.

Bí owó náà bá pọ̀ jù ńkọ́?
Ẹ má fi ìwé náà sábẹ́ ibùsùn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wà fún ẹni tí iye tí wọ́n bù fún un kò tẹ́ lọ́rùn. Ilé ìjọsìn, ibi ìsìnkú gbogbogbòò àti ààfin ọba tí ìjọba mọ̀ kì í san án.

Owó kànga ẹ̀rọ ńkọ́?
Ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sí lára owó ìlò ilẹ̀. LASWARCO, àjọ tó ń bójú tó omi ní ìpínlẹ̀ yìí, ni kí ẹ bi léèrè nípa àṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Àṣẹ yìí ṣe pàtàkì, torí ẹ̀bá ọ̀sà la wà. Bí a bá ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ ní àfajù, omi oníyọ̀ lè ya wọ inú kànga.

Kí n tó ra ilé, kí ni kí n ṣe?
1. Ẹ béèrè rìsíìtì owó ìlò ilẹ̀. Ìjọba á béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ìfọwọ́sí Gómìnà.
2. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lọ wádìí iye gbèsè náà ní ọ́fíìsì ìjọba.
3. Bí gbèsè bá wà, kí lọ́yà yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé, kí ẹ sì san án kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.