Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Wá Gba ₦90,000? Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Sí I

Fún ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ yìí, ohun tá a sọ níbẹ̀ nìyí. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè kà á nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Lọ́dún 2024, bọ̀dá mi gun ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ láti Òkè-Ìlá, ó ti fẹ́ wọ Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan já jáde láti ilé epo láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, ó sì gbá iwájú ọ̀kadà náà. Ọlọ́run yọ ọ́, orúnkún ló kàn bó. Àmọ́ ọ̀kadà tó fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ méjì ò ṣeé gùn mọ́.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ò sá. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo ní ìnṣọ́ránsì." Àwọn tó dúró síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìnṣọ́ránsì kẹ̀? Ṣé ìwé tá a fi ń han ọlọ́pàá yẹn?"

Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ ká ṣe ètò yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń san owó ìnṣọ́ránsì lọ́dọọdún, àmọ́ a ò mọ̀ pé owó wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ pàápàá, tí wọ́n bá fún un ní ìdajì, á gbà á, á ní Ọlọ́run ṣeun.

Ta ni ìnṣọ́ránsì yẹn wà fún?

Èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ni wọ́n ń pè ní Third Party. Kì í ṣe ọkọ̀ ẹni tó rà á ló wà fún. Ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe, tàbí tó bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, ló wà fún. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Láti 1945 ni òfin ti wà lórí ẹ̀, òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 sì tún tẹnu mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, sún owó náà sókè. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 lọ́dún. Àmọ́ iye tí ilé-iṣẹ́ lè san fún dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ náà di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000 lọ́dún, iye tí wọ́n lè san sì dé mílíọ̀nù kan. Ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ₦5,000, ó sì dé mílíọ̀nù méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú nìyí. Third Party tí bọ̀dá mi fúnra rẹ̀ rà ò lè tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe. Ti ọkọ̀ tó gbá a la máa lọ bá. Tó bá jẹ́ òun ló jẹ̀bi, tó lọ gbá ọkọ̀ ẹlòmíì, ìgbà yẹn ni tiẹ̀ á ṣiṣẹ́, fún onítọ̀hún.

Ohun tá a ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú

Bọ̀dá mi pè mí. Mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan kúrò lójú títì títí tó fi máa ya fọ́tò. Ó ya ọ̀kadà lápá ọ̀tún àti òsì, ó ya ibi tó ti fọ́, ó ya nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó sì ya sátífíkéètì ìnṣọ́ránsì ọ̀gbẹ́ni yẹn. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì gba ìwé pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Lálẹ́, mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wá a lórí askniid.org, ibi tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń kó orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó ní ojúlówó ìwé sí. A rí i níbẹ̀. Tá ò bá rí i ni, ó lè jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, ẹ yẹ tiyín wò lónìí, kó tó di ọjọ́ ìjàǹbá.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì kọ iye àtúnṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: fọ́ọ̀kì iwájú ₦95,000, ríìmù àti sípóòkù ₦60,000, táǹkì pẹ̀lú ọ̀dà ₦45,000, iná iwájú àti dígí ₦30,000, táyà ₦25,000, owó iṣẹ́ ₦30,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦285,000. Ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àwa náà sì fi lẹ́tà, fọ́tò àti ìwé ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí wọn.

₦90,000 dé

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n pe bọ̀dá mi lórí fóònù. Wọ́n ní owó rẹ̀ ti jáde, ₦90,000, kó wá fọwọ́ sí ìwé kan kí wọ́n lè san án sí àkáǹtì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí ò tíì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Owó iléèwé ọmọ ti dé. Ó ti ń wá bírò.

Discharge voucher ni orúkọ ìwé náà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju pé, mo ti gba iye yìí, ó tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó máa ṣòro gan-an kẹ́ ẹ tó lè padà wá sọ pé owó ò pé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀." Inú ẹ̀ ò dùn sí mi lọ́jọ́ náà.

Lẹ́tà olójú-ìwé kan

A ò bú wọn, a ò sì halẹ̀. Ohun mẹ́ta péré la kọ. Àkọ́kọ́, a ò gba ₦90,000 gẹ́gẹ́ bí àṣekágbá. Ìkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ₦195,000 sílẹ̀ fún wa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta, ọjọ́ tẹ́ ẹ gba ìwé wa àkọ́kọ́ nìyí.

Ìdí tá a fi kọ ọjọ́ ni pé òfin 2003, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, ní tí èèyàn bá ti fi ìwé béèrè owó, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó láàárín 90 ọjọ́. Tí wọn ò bá gbà pé àwọn jẹ owó náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láàárín 90 ọjọ́ yẹn kan náà. Ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ la lè dá lóhùn.

Wọ́n dáhùn. Wọ́n ní fọ́ọ̀kì ti dá kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀kadà náà ti gbó, ìdí nìyẹn táwọn fi tún yọ ₦100,000.

Wàyí o, a ti mọ ohun tá a ń bá jà. Bọ̀dá mi wá inú dúrọ́ọ̀ ìyàwó ẹ̀, ó rí rìsíìtì fọ́ọ̀kì tó rà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Mẹkáníìkì kọ ìwé pé òun lòun fi í sí i, àti pé dídá tó dá bá ibi tí ọkọ̀ ti gbá a mu. Ti gbígbó ńkọ́? A bi wọ́n pé kí ni iná iwájú fi gbó tó, kí ni wọ́n fi wọn ti táǹkì? Àmọ́ a wo fọ́tò tiwa náà dáadáa, a rí i pé táyà iwájú ti jẹ lóòótọ́. A sọ fún wọn pé a gbà kí wọ́n yọ ₦15,000 nínú ti táyà.

Mo gbà pé òótọ́ yẹn ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba ibi tó ti jẹ̀bi, wọ́n á fara balẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti jàre.

₦270,000 ni wọ́n san.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. A ò kọ owó ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, nígbà tá a sì rántí, ó ti pẹ́. Ẹ̀yin ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: àtúnṣe, owó ọsibítù, owó ọkọ̀, iṣẹ́ tó dúró. Wọ́n lè má san gbogbo ẹ̀, àmọ́ ohun téèyàn ò béèrè, ta ló máa fún un?

Tí wọ́n bá kọ̀ pátápátá ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Tí kò bá lójú, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ẹ ò sì nílò lọ́yà kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí wọn. Orí naicom.gov.ng lẹ ti máa rí wọn. FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà wà níbẹ̀. Kóòtù ló kẹ́yìn. Ibi yòówù kẹ́ ẹ gbà, àwọn ìwé kan náà ni wọ́n máa béèrè: fọ́tò, ìwé ọlọ́pàá, ìṣirò mẹkáníìkì, lẹ́tà yín, àti lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dún 2025, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó rọ́pò ti 2003. Lára ohun tí wọ́n ní àwọn tìtorí ẹ̀ ṣe é ni kí ilé-iṣẹ́ má fi owó aráàlú falẹ̀ mọ́. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà báyìí, òfin tuntun ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí, kẹ́ ẹ sì bi NAICOM léèrè iye ọjọ́ tó fún ilé-iṣẹ́.

Bọ̀dá mi ti padà sójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Fọ́tò sátífíkéètì rẹ̀ wà lórí fóònù ẹ̀, rìsíìtì ẹ̀ sì wà nínú fáìlì, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ìyàwó ẹ̀ mọ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà kan tẹ́ ẹ mọ̀. Ó dìgbà o.